Ọwọ́ Tó Di Abẹ Mú: Òwò Kíndìnrín àti Ojúṣe Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera

  

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ọ̀rọ̀ ara tí Ọlọ́hun dá, tí àwọn kan sì ti sọ di ọjà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń gbà sọ ọ̀rọ̀ yìí ní àdúgbò wa ní Òkè-Odò, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, láti Ìgàndò dé Ìyánà-Ìpájà, kò sì sí èyí tí ó tọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkíní ni ti àwọn tí ẹ̀rù ń bà: bí ọmọ kan bá sọnù, wọn a ní àwọn tó ń yọ kíndìnrín ló gbé e lọ, bí wọ́n bá ní kí aláboyún wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba, àwọn ẹbí a ní kò gbọdọ̀ lọ, kí wọ́n má baà yọ tirẹ̀. Èkejì ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di àwàdà: "N ó kúkú ta kíndìnrín kan, n ó fi owó rẹ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè yìí." Ẹ̀kẹta ni ti àwọn àgbà tí wọ́n gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán sẹ́nétọ̀ wa kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n wá mi orí, tí wọ́n ní, "Bàbá tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ là, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?"

Àwa kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ, a ó sì sọ ọ́ ní gbangba: òwò kíndìnrín kò lè dúró fún ọjọ́ kan ṣoṣo láìsí òṣìṣẹ́ ìlera nínú rẹ̀. Olówó lè fẹ́ rà, aláìní lè fẹ́ tà, alágbàtà lè rìn láàrin àwọn méjèèjì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Bí dókítà bá kọ̀, bí nọ́ọ̀sì bá kọ̀, bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bá kọ̀, ọjà náà ti tú nìyẹn. Ọwọ́ tó di abẹ mú ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà wà.

OLÈ TÓ JÍ KÀKÀKÍ ỌBA

Àwọn baba wa máa ń béèrè pé olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ kíndìnrín. Kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń gé lórí pákó. Kí kíndìnrín ẹnìkan tó lè ṣiṣẹ́ nínú ara ẹlòmíràn, wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò bóyá ó bára mu. Wọn yóò yẹ ẹran ara wọn wò pẹ̀lú. Wọn yóò ya àwòrán inú ẹni tó fẹ́ fún ni. Lẹ́yìn èyí, ó di yàrá iṣẹ́ abẹ tó mọ́ tónítóní, dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ náà, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun, àti àwọn nọ́ọ̀sì lọ́tùn-ún lósì. Bí wọ́n bá yọ kíndìnrín kúrò nínú ara, àní bí wọ́n bá gbé e sínú yìnyín, kò lè ju nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ lọ kí ó tó bàjẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sì fi sí lára yóò máa lo oògùn lójoojúmọ́, kí ara rẹ̀ má baà kọ ohun àjèjì náà, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ta ni nínú àwọn ajínigbé inú igbó ló ní irú ohun èlò wọ̀nyí? Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń sá fún ilé ìwòsàn gbogboogbò ní Ìgàndò nítorí àhesọ, ẹ̀ ń sá fún ẹni tí yóò gbà yín, ẹ sì ń sá tọ ikú lọ. Súrà Hujuráàtì, ẹsẹ 6, kọ́ wa pé bí ẹni tí kò ṣeé gbọ́kàn lé bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ kí a tó ṣe ènìyàn ní ibi láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn. Bí kì í bá ṣe ẹni tó wà nínú igbó, a jẹ́ pé ẹni tó wọ aṣọ funfun ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni a óò kọ́kọ́ bi léèrè.

DÓKÍTÀ MÉJÌ, ÌMỌ̀ KAN

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹjọ́ tí gbogbo ayé gbọ́. Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu, tí ó jẹ́ igbákejì ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa láti ọdún 2007 sí 2019, ní ọmọbìnrin kan tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn. Wọ́n wá ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan nílùú Èkó níbí, ẹni tó ń ta àwọn nǹkan ara fóònù lọ́jà. Wọ́n mú un dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejì ọdún 2022. Wọ́n sọ fún àwọn aláṣẹ pé ìbátan ọmọbìnrin náà ni, bẹ́ẹ̀ wọn kò bára wọn tan rárá. Owó tí wọ́n ní àwọn ó fún un tó pọ́n-ùn 7,000, pẹ̀lú ìlérí pé yóò rí iṣẹ́ ṣe lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ fi kíndìnrín rẹ̀ ṣe, pọ́n-ùn 80,000 ni. Ẹni tó fẹ́ pàdánù ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ní rí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye owó tí wọ́n fẹ́ fi gbé e sí ara ẹlòmíràn.

Ta ni nínú wa kò mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ẹ dúró ní Ìyánà-Ìpájà nírọ̀lẹ́, ẹ wọ inú ọjà Ìkòtún, ẹ ó rí wọn pẹ̀lú okùn ṣájà àti ìbòrí fóònù lọ́wọ́, tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ nínú oòrùn. Ọmọ wa ni wọ́n. Ẹlòmíràn nínú wọn ti jókòó níwájú wa pẹ̀lú wàláà rí.

Dókítà méjì ni a fẹ́ kí ẹ wò nínú ẹjọ́ yìí. Ọ̀kan ni Dókítà Obinna Obeta. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó kàwé, ó mọ ohun tí kíndìnrín jẹ́, nítorí pé wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀ fún un ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2021. Òun gan-an ló di alágbàtà. Ẹnìkejì ni dókítà àgbà kan ní ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó pé àti owó tó ti ṣetán. Dókítà náà bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì rí i pé òye ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un kò yé e tó, pé kò mọ ohun tí yóò bá a kù lẹ́yìn ọ̀la, àti pé nígbà tí wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ náà kò ní wáyé, ńṣe ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní òun kò ṣe é.

Ìmọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì kọ́. Ẹnìkan fi tirẹ̀ wá ẹni tí wọn óò gé, ẹnìkejì fi tirẹ̀ dá abẹ dúró. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí akọ̀ròyìn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè díẹ̀ láti ẹnu dókítà ni ó gba kíndìnrín ọmọ ọlọ́mọ là.

Síbẹ̀, a kò ní fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Kíkọ̀ nìkan kò tó. Lẹ́yìn tí Royal Free kọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn ní Tọ́kì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ń bẹ̀rù pé wọn yóò dá òun padà sílé, bóyá kí wọ́n ṣe é níbẹ̀. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sun ìta ní ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àgọ́ ọlọ́pàá ní Staines ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Òun ni ó tú àṣírí náà. Ìbéèrè wa ni pé: kí ló dé tí ó fi jẹ́ aláìní tí kò ní olùgbèjà ló gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀? Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó rí ewu, tí ó sọ pé "èmi kò ṣe" tí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ti ṣe ìdajì ojúṣe rẹ̀. Ìdajì tó kù ni kí ó rí i pé ẹni náà kò padà sọ́wọ́ àwọn tó mú un wá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá sẹ́nétọ̀ náà, ìyàwó rẹ̀ Beatrice, àti Dókítà Obeta lẹ́bi; wọ́n dá ọmọbìnrin wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún náà, adájọ́ rán sẹ́nétọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8, ìyàwó rẹ̀ ọdún 4 àti oṣù 6, dókítà ọdún 10. Ẹ ṣàkíyèsí: dókítà ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ gùn jù. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin tí wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́ ni òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 láti gbógun ti ẹrú òde òní. Ẹrú! Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ yín lára.

BÀBÁ TÓ FẸ́ GBA ỌMỌ RẸ̀ LÀ

Àánú ọmọ tó ń ṣàìsàn ń ṣe wá, bí ó ti ń ṣe gbogbo òbí. Ẹni tó bá ti rí ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yóò mọ̀ pé ìyà ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ pé bàbá ń gba ọmọ rẹ̀ là, kí ó dá wa lóhùn: ọmọ ta ni èyí tí wọ́n fẹ́ gé? Òun náà kò ha ní bàbá? Bí ọmọ sẹ́nétọ̀ bá jẹ́ ọmọ, ṣé ọmọ aláta kì í ṣe ọmọ ni?

Àwọn kan a máa ka Súrà Mọ́ídà, ẹsẹ 32, fún wa, pé ẹni tó bá gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kan náà ni Ọlọ́hun ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó pa ẹ̀mí kan láìtọ́. Kò sí ibi tí ó ti sọ pé kí a fọ́ ilé kan láti fi ògiri rẹ̀ tún òmíràn ṣe. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ayébáyé pé a kì í fi ìnira mú ìnira bí irú rẹ̀ kúrò. Ọ̀ràn-anyàn a máa mú kí òkú ẹran tọ́ sí ẹni tí ebi fẹ́ pa. Kì í mú kí ẹran ara ọmọnìkejì tọ́ sí i.

"ARA MI NI, MO LÈ TÀ Á"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yí sí wàyí. Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ ló ni ara rẹ? Ta lo rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí wọ́n fi ẹrù pamọ́ sí lọ́wọ́ kò lè gbé e lọ sí ọjà. Súrà Ísíráì, ẹsẹ 70, fi yé wa pé Ọlọ́hun ti ṣe àpọ́nlé fún ọmọ Ádámù. Ohun tí Ọlọ́hun bá pọ́n lé, a kì í na owó sí i lórí. Ó sì wà nínú hádíìsì tí Imaamu Bukhari gbà wá pé nínú àwọn tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ ìdájọ́ ni ẹni tó ta ọmọlúwàbí tí kì í ṣe ẹrú, tí ó sì jẹ owó rẹ̀. Bí títà odindi bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó báyìí, ta ló sọ pé títà ní ìdá-ìdá di hàláàlì?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. Fífún ni yàtọ̀ sí títà. Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọn kò fọwọ́ sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó ní Jeddah ní ọdún 1988, wọ́n sì gbà pé ènìyàn lè fi ẹ̀yà ara rẹ̀ gba ẹlòmíràn là, pẹ̀lú májẹ̀mú pé kò ní pa ẹni tó fún ni lára, pé tinútinú rẹ̀ ni, pé àìní náà tóbi, àti pé kò gbọdọ̀ jẹ́ nípa títà. Ẹ̀gbọ́n tó fún àbúrò rẹ̀ ní kíndìnrín kan nítorí Ọlọ́hun, kí Ọlọ́hun san án lẹ́san. Irú rẹ̀ ṣeé ṣe nílẹ̀ wa: ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ṣe pípààrọ̀ kíndìnrín ní ọdún 2000, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ṣe é ní ọdún 2002.

Àwọn tó mọ ayé yóò ní, "Ìráànì ńkọ́? Mùsùlùmí ni wọ́n, ìjọba wọn sì gbà kí wọ́n sanwó fún ẹni tó bá fi kíndìnrín sílẹ̀." A gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tí wọ́n ń tò lórí ìlà lọ́hùn-ún? Àwọn tálákà àti àwọn onígbèsè ló pọ̀ jù nínú wọn; olówó wọn kì í tà, rírà ni olówó ń rà. Íńdíà tí ọjà náà ti gbilẹ̀ rí fi òfin dè é ní ọdún 1994. Pakísítánì náà, tí wọ́n ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá rà á, fi òfin dè é ní ọdún 2007, wọ́n sì tún un fìdí múlẹ̀ ní ọdún 2010. Ẹni tó ti jẹ iyọ̀ tó pọ̀ jù ló mọ ìdí tó fi bu omi sí i.

Owó náà ńkọ́? Yóò tán. Àpá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kò ní tán. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ku ẹyọ kan gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò títí ayé rẹ̀. Alágbàtà wo ni yóò sanwó àyẹ̀wò náà fún ọ nígbà tí o bá pé ẹni 50 ọdún?

"IṢẸ́ TÈMI KỌ́ NI TI ỌLỌ́PÀÁ"

Báyìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ń wí: "Ìtọ́jú ni wọ́n gbà mí fún. Wọ́n mú ìwé wá, wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n ní mọ̀lẹ́bí ni àwọn. Kí ló kàn mí?" Àwa ní ó kàn ọ́. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí òfin gbà kí ènìyàn fi ọ̀bẹ la inú ọmọnìkejì rẹ̀ láìjẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n fún ní irú àyè bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ ẹni tí òun là, tàbí ìdí tí òun fi là á.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà. Láàrin ọdún 2001 sí 2003, ní ilé ìwòsàn St. Augustine's, wọ́n ń mú àwọn aláìní wá láti Brazil àti Romania, wọ́n ń pè wọ́n ní ìbátan àwọn olówó tí wọ́n wá rà. Ìwé wà, ìfọwọ́sí wà, gbogbo rẹ̀ tò. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Netcare KwaZulu tó ni ilé ìwòsàn náà gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn 102, ó sì gbà pé ọmọdé márùn-ún wà nínú àwọn tí wọ́n yọ kíndìnrín wọn. Ilé ìwòsàn ńlá ni o, kì í ṣe ilé oníṣègùn ẹ̀yìnkùlé.

Nílẹ̀ wa níbí, ní ọdún 2024, àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò gbé àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Àbújá lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé wọ́n yọ kíndìnrín ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ̀sùn kì í ṣe ìdájọ́, a kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n pé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè wáyé láàrin wa tó láti jí ẹni tó bá ń sùn.

Òfin kò sì ṣókùnkùn. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ẹ̀yà ara tàbí láti gba èrè lórí rẹ̀, yàtọ̀ sí owó tí ẹni tó fún ni ná lórí ọ̀rọ̀ náà. Òfin tó de fífi ènìyàn ṣòwò, ti ọdún 2015, gbé ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7 ka iwájú ẹni tó bá wá ènìyàn fún yíyọ ẹ̀yà ara, pẹ̀lú owó ìtanràn. Àwọn dókítà àgbáyé fúnra wọn péjọ ní Istanbul ní ọdún 2008, wọ́n sì kéde pé ọwọ́ àwọn kò gbọdọ̀ sí nínú òwò náà. Ta ló wá kù tí yóò sọ pé òun kò gbọ́?

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

A kò ní bá òṣìṣẹ́ ìlera wí kí a má sọ ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe. Ẹ gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kó ọ̀dọ́ méjì, mẹ́ta wá kí ẹ wo èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ọ̀gá òun mu, tí ó sì ń sanwó fún gbogbo wọn, ọjà ni ó wá yàn. Ẹ má ṣe bá a yàn án.

2. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ bá ẹni tó fẹ́ fún ni sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Kí "bọ̀dá" tàbí "àǹtí" tó mú un wá jókòó síta. Ẹ bi í ní èdè tó gbọ́, kí ògbufọ̀ má sì jẹ́ ẹni tí olówó mú wá: Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ? Ta ló ń bọ́ ọ? Ta ni ìwé ìrìnnà rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ni wọ́n ṣèlérí fún ọ?

3. Ẹ̀yin dókítà, kí dókítà tó ń tọ́jú ẹni tó fẹ́ gbà má jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé ẹni tó fẹ́ fún ni yẹ. Ẹ má jẹ́ kí ìwé ìbúra kóòtù nìkan jẹ́ ẹ̀rí ìbátan fún yín. Ẹ béèrè orúkọ ìyá, ẹ béèrè agboolé. Ẹ sì sọ fún ẹni náà pé ó lè yí ọkàn padà títí di ẹnu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, pé ẹ ó kàn sọ fún àwọn tó kù pé ara rẹ̀ kò bá a mu.

4. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwòsàn, bí ẹ kò bá ní àṣẹ fún irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ má dáwọ́ lé e. Bí ẹ bá ní in, ẹ kọ orúkọ ẹni tó fún ni sílẹ̀, kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà bí ẹ ti ń tọ́jú ẹni tó gbà.

5. Ẹ fi ẹjọ́ sùn. Àṣírí aláìsàn jẹ́ ohun àfipamọ́, a gbà. Ṣùgbọ́n a kò dá a sílẹ̀ láti fi bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà NAPTIP tí kì í gba owó ni 627. Ẹ má ṣe lé ẹni tí wọ́n ti gé lára kúrò nílé ìwòsàn o. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ọ̀gá mi yóò lé mi." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Súrà Mọ́ídà, ẹsẹ 2, pa á láṣẹ fún wa kí a ran ara wa lọ́wọ́ lórí rere, kí a má sì ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Kò yọ ti ọ̀gá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù yìí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ náà nìkan: ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó wà ní àdúgbò gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá lé nítorí pé ó kọ̀ láti ṣe haráàmù. Bí a kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, a kò lẹ́nu láti wàásù fún un.

ILÉ TIWA

Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá kíndìnrín rà ni pé tiwọn bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú, àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú, oògùn ara ríro tí a ń gbé mì bí ẹ̀pà, ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì: àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ kíndìnrín jẹ. Kí ló dé tí gbogbo ibi àsàlátù wa ní Òkè-Odò, lọ́jọ́ Àìkú, kò fi ní nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn bàbá àti ìyá wa? Àwọn ọmọ wa tó kọ́ iṣẹ́ náà ń jókòó láàrin wa. Ẹ fún wọn ní tábìlì kan.

Ẹni tó bá sì ti ń ṣàìsàn, kí ẹbí má ṣe wo ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ọmọ ìbátan tó tòṣì lójú pé "ìwọ lo máa fún un." Ẹbí lè fi ipá bò ó láì fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà mìíràn wà: ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tí ti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta wà nínú wọn, yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ béèrè fún un. Owó sàká wà, ó sì tọ́ sí aláìní tó ń ṣàìsàn.

Àwa olùkọ́ ilé kéwú náà ní tiwa. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò di dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ́la. Ẹ̀yin òbí ń gbàdúrà kí ọmọ yín di dókítà, ó dára. Ẹ fi kún àdúrà náà pé kí ó jẹ́ dókítà tí owó kò lè rà. Ìmọ̀ tí kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́hun nínú, ẹ ti rí ibi tó gbé ọ̀kan dé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí Ọlọ́hun Ọba dáàbò bo àwọn ọmọ wa lójú ọ̀nà àti lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Kí ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ nínú. Kí ó fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa ní ọkàn tí yóò lè sọ pé "rárá," àti ẹsẹ̀ tí yóò lè rìn lọ fi ẹjọ́ sùn. Àmín.